Egbò Tí Kò Ṣọyún

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ kí ni mo ṣe jẹun, mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ni mo ń kà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sórí àpótí gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí mo ń wo inú máíkírósíkóòpù, tí mo ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣebí pupa lẹ̀jẹ̀, níbo lèyí tó funfun ti wá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ̀tún wòsì pé iṣẹ́ wo lẹ óò dì mú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ má jẹ́ kí n fi yín lákòókò ṣòfò lórí ìyẹn. Owó náà kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé.

Mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí wọ́n mú mi dé iwájú Ọ̀gá Odùbánjọ. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n máa ń wọ kóòtù funfun kan tí ìyàwó wọn ti lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn aládàáni kan tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ló yí wa ká. Àwọn tó ń ṣe bisikíìtì wà lápá ọ̀tún, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ebi yé pa wá. Àwọn tó ń ṣe abọ́ tánńganran wà lẹ́yìn wa, ariwo irin wọn kì í dákẹ́ láti àárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ wa tí ara wọn ò bá yá. Lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n na ọwọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ni, mo ti ń kúnlẹ̀. Èékánná mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kí n lọ gé e kí n tó padà wá.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fojú kan inú máíkírósíkóòpù. Síláìdì ni mo ń fọ̀, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá rí ojú ìka mi lára ẹyọ kan péré, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á dà padà sínú ọṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀: kí o kán ẹ̀jẹ̀ sí ìdí síláìdì kan, kí o fi etí síláìdì kejì tì í lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó parí bí ahọ́n ọmọ. Tó bá nípọn, o ò ní rí nǹkan kan. Tó bá ya bí aṣọ tó gbó, o ti ba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́. Mo sunkún nílé nítorí ahọ́n yẹn. Ìyá mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí n wá bá ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ ní Ọgbà, mo kọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ọ̀gá ló máa ń wí bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ò sì ní ẹ̀sọ̀ kankan fún mi.

Nígbà tí wọ́n wá gbà mí láyè láti wò, áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Sẹ́ẹ̀lì pupa kún ilẹ̀ lọ súà, láàárín wọn ni àwọn funfun wà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí aró tí a ń dà sórí síláìdì kí wọ́n lè hàn ti kùn wọ́n ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀rọ tí a fi ń kà wọ́n ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ní irin iṣẹ́ tí wọ́n lè fi tún un ṣe. Agolo mílíìkì mẹ́fà ni Ọ̀gá tò sórí tábìlì, márùn-ún fún oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun márààrún, ẹ̀kẹfà fún àwọn tí kò tíì gbó, wọ́n sì ka ọgọ́rùn-ún ọmọ ayò sínú àwo. Bí o bá ti rí sẹ́ẹ̀lì kan, wàá ju ọmọ ayò kan sínú agolo tirẹ̀ láìgbé ojú kúrò. Tí àwo bá ti ṣófo, o ti ka ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kí o wá ka ohun tó wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláìsàn tó bá yọjú lójú fèrèsé máa ń rò pé ayò la ń ta lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá ò fún mi ní ìwé kà. Tí ẹnikẹ́ni bá wá tòun ti egbò, wọ́n á fi egbò náà kọ́ mi. Wọ́n ní bí irin bá gé èèyàn lẹ́sẹ̀, tí kòkòrò àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní bakitéríà bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹran ara ibẹ̀ á tú kẹ́míkà jáde láti fi ránṣẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ojú egbò fi ń pọ́n, tó ń gbóná, tó sì ń wú. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ sáré lọ á rọra máa fara kan ògiri iṣan náà, á máa yí lórí rẹ̀, á dúró, á wá fún ara rẹ̀ gba àlàfo tóóró kan jáde sínú ẹran. Á máa tọpa kẹ́míkà yẹn lọ bí èèrà ṣe ń tọpa ṣúgà. Tó bá bá kòkòrò náà, á na ara rẹ̀ yí i ká, á gbé e mì, á sì pa á sínú ara rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ń dé yìí kì í pẹ́ láyé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí. Òkú wọn àti òkú àwọn kòkòrò ló ń di ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò tí ẹ ń yínmú sí.

Oríṣi mìíràn wà tí wọ́n tóbi, àwọn ló máa ń dé lẹ́yìn, tí wọ́n á kó ìdọ̀tí ogun náà jẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n kéré, tí wọ́n rí róbótó. Àwọn wọ̀nyẹn kì í gbàgbé ọ̀tá. Bí kòkòrò kan náà bá tún padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n á dá a mọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun. Bí ogun bá dé, mùdùnmúdùn á tú èyí tó ti fi pamọ́ jáde, iye wọn nínú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè. Dókítà tó bá rí i pé iye náà ti pọ̀ á mọ̀ pé kòkòrò ti wọlé. Àmọ́ bí ogun náà bá le jù, mùdùnmúdùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn tí kò tíì gbó. Èyí tó gbó, ọkàn inú rẹ̀, ìyẹn kókó àárín rẹ̀, máa ń pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí òwú. Èyí tí kò gbó, ọkàn tirẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan, ó kàn tẹ̀ bí ìwọ̀ ìpẹja ni. Tí ogun náà bá tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mùdùnmúdùn ò ní lè bá a mọ́. Iye tó yẹ kó pọ̀ á wá máa dín kù. Ẹni tí ò bá mọ̀dí á wo iye, á ní kò sí wàhálà. Ọ̀gá máa ń sọ pé, "Iye jẹ́ àgbọ́sọ. Ojú wọn ni kó o wò." Ní láàbù wa, òfin ni: o ò gbọ́dọ̀ fi iye ránṣẹ́ sí dókítà láìwo síláìdì. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ohun tí èèyàn gbọ́ àti ohun tó fojú rí kì í ṣe ọ̀kan náà ṣá.

Ìgbà tó yá, Sáàpù dé, ètò tí ìjọba ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Sáàpù. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, náírà ń wálẹ̀, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá di góòlù. Aró wa, òkè òkun ló ti ń wá. Sípíríìtì tí a fi ń pò ó, wọ́n ti ń bu omi là á. Epo tí a ń kán sórí síláìdì kí ojú máíkírósíkóòpù lè mọ́ tán, mo ní kí a fi òróró ẹ̀pà gbìyànjú ẹ̀. Gbogbo nǹkan ṣú bìrìmù, Ọ̀gá sì pè mí ní alásè fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Síláìdì tó yẹ ká sọ nù, à ń sè é nínú ìkòkò, à ń tún un lò. Nẹ́pà á mú iná lọ, a ò ní epo jẹnẹrétọ̀, a ó gbé máíkírósíkóòpù sójú fèrèsé, a ó yí dígí tó wà ní abẹ́ rẹ̀ sí oòrùn. Bí òjò bá ṣú, a ó jókòó máa wo ara wa. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan, Ọ̀gá fẹ́ lọ sin ẹ̀gbọ́n wọn nílé, ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n mi ìgò aró, wọ́n fi han mí. Wọ́n ní ohun tó kù ò lè ju síláìdì mẹ́rin lọ, ẹni tó bá ṣàìsàn jù ni kí n fi ṣe tirẹ̀, àwọn á wá òmíràn bọ̀. Wọn ò tíì jìnnà tí akọ̀wé ilé ìwòsàn fi wá bá mi. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tánńganran ń bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ pé pérépéré. Mo ka orí wọn: mẹ́rin. Mo gbé ìgò aró sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Ọ̀gá ní ẹni tó ṣàìsàn jù, èmi gbọ́ ẹni tó tóbi jù. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n mú Mùfútàù wọlé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé iṣẹ́ tánńganran yẹn ló ti ń gé páànù irin. Etí páànù ti là á lójúgun lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ó fi àkísà di í, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, torí wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró nígbà yẹn, ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan kì í mọ̀ bóyá òun máa bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀, Ràmátù, ló dì í mú lápá. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń gbọ̀n, ó ń mí gúlegúle. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń dán, àmọ́ ojú egbò gbẹ táútáú. Ìyẹn gan-an ló fi Ràmátù lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Áńtì, kò tiẹ̀ ṣọyún."

Mo fa ẹ̀jẹ̀. Mo ka iye sẹ́ẹ̀lì funfun nínú gíláàsì tí wọ́n fàlà sí lára fún ìyẹn: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹni tára rẹ̀ le máa ń ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí mọ́kànlá. Mo tẹ́ síláìdì méjì gẹ́gẹ́ bí òfin wa, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo tò wọ́n sínú àpótí. Mi ò fi aró kàn wọ́n. Dókítà wa nígbà yẹn ṣì kéré, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn; èrò kún iwájú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo iye tí mo kọ, ó ní kòkòrò ò lè wọlé kí sẹ́ẹ̀lì funfun kéré báyìí, ibà ló máa jẹ́. Síbẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti wo síláìdì.

Mo ní, "Aró ti tán, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lápò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Dókítà fún Mùfútàù lóògùn ibà, wọ́n tún egbò rẹ̀ dì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ràmátù tún padà wá, òun nìkan. Kò rí dókítà, ó wá sí ojú fèrèsé mi, ó ní ọkọ òun ti ń sọ̀sọkúsọ láti òru, ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. Mo ní ó dára, ibà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kó lọ fọkàn balẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń gbọ́ ọpẹ́ yẹn nígbà mìíràn tí mo bá dá wà nílé ìdáná.

Ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n tó bọ́ bàtà tí wọ́n fi rìnrìn àjò, wọ́n ti ṣí àpótí síláìdì. Wọ́n rí méjì tí wọn ò kùn. Wọ́n wo nọ́ńbà, wọ́n wo ìwé èsì, wọ́n rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe onítọ̀hún. Mo ní páànù ló gé e lẹ́sẹ̀, àmọ́ egbò náà ò ṣọyún.

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló kù tó máa ṣe ọyún ọ̀hún?"

Wọ́n na ọwọ́, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n rí aró nínú ìgò, wọ́n mì í wò, wọ́n wá da aró sórí síláìdì, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú. Nẹ́pà ò sí. Wọ́n yí dígí sí oòrùn, wọ́n wò ó, wọ́n dìde fún mi lórí àpótí, wọ́n ní kí n jókòó kí n kà á.

Sẹ́ẹ̀lì funfun wọ́n níbẹ̀ bí omi inú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tí mo sì rí, ọmọdé ni wọ́n. Agolo àwọn tí kò gbó ni mo ń ju ọmọ ayò sí ṣáá, mo ń gbọ́ ọ tó ń dún kò, kò, kò. Nǹkan dúdú dúdú kún inú wọn bí ata lílọ̀, ihò wà lára àwọn mìíràn, mo sì rí ọ̀kan tó ti gbé kòkòrò mì tí kò rí i pa. Bí mo ṣe dé ogójì, mi ò ríran mọ́ nítorí omijé. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ ló wà níbẹ̀, ó sì ti wà nínú àpótí mi láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá ti wà lọ́dọ̀ dókítà kí n tó nujú. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dókítà, èmi náà kó sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí, ó di ilé Mùfútàù ní Oko Ọba, ní Agége. Ó nà gbalaja lórí ẹní, kò mọ ẹni tó wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú dé orúnkún. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, wọ́n fa omi sí i lára, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn tó lè rí ẹ̀mí gbà, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n gé e lókè orúnkún. Dókítà ibẹ̀ sọ fún wa pé ká ní ọjọ́ Ẹtì la ti gbé e wá ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gé e. Kò mọ̀ mí, kò mọ ohun tó ń sọ fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tánńganran wá ṣe àyẹ̀wò tòun ti ẹbí rẹ̀. Aró tó kù ò tó wọn mọ́, iye nìkan la kọ fún wọn. Ó wo ìwé náà fìrí, ó kó o sínú báàgì, ó lọ. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé síláìdì wà láyé.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ọ̀gá bi mí ní ìbéèrè ẹyọ kan: ṣé aró tán lọ́jọ́ Ẹtì àbí kò tán. Mo ní kò tán. Mo sọ ẹni tí mo tọ́jú rẹ̀ dè fún wọn. Mo ti ń retí pé wọ́n á lé mi, ìbá sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, síláìdì Mùfútàù ni màá kọ́kọ́ kà, ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì, láràárọ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ lọ sọ ohunkóhun fún ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà ti di tàwọn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ka síláìdì yẹn. Mo mọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní mọ àwọn ará ilé.

Ilé iṣẹ́ dá Mùfútàù dúró. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò àti fáànù ṣe, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Agége. Ó bí ọmọ mẹ́rin. Bí ìkankan nínú wọn bá ti ní ibà, ọ̀dọ̀ wa ló ń mú un wá, òun pẹ̀lú igi tó fi ń tilẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ igi yẹn kò, kò, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá ti na ọwọ́ sí àpótí síláìdì. Á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, á ní, "Áńtì Láàbù, ẹ bá wa wò ó o." Màá tẹ́ síláìdì mẹ́ta níbi tó yẹ kí n tẹ́ méjì. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí rẹ̀, Sàídátù, ní inú rírun. Iye sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ dára, kò lábùkù. Mo wo ojú wọn, mo rí àwọn tí kò gbó tí wọ́n pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé síláìdì náà lọ́wọ́ lọ bá dókítà, mi ò kúrò níwájú rẹ̀ títí tó fi wò ó. Ìfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì ló ti ń jẹrà nínú ọmọ náà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá rẹ̀ gbàdúrà fún mi títí, mi ò lè ṣe àmín.

Àwọn ológun lọ, ayé ń yí. Ọ̀gá Odùbánjọ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì papòdà nílé wọn ní Ìjẹ̀bú. Ẹ̀rọ tuntun dé láàbù, ó tóbi tó fìríìjì kékeré. Fa ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu, láàárín ìṣẹ́jú kan á tẹ iye gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé, kódà á pín wọn sí oríṣi oríṣi. Mi ò bá a ṣọ̀tá. Nǹkan gidi ni, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í bẹ̀rù ọ̀gá àgbà. Ṣùgbọ́n ó ní àmì kan tó máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tí ọ̀rọ̀ náà ò bá dá a lójú, àmì pé kí èèyàn wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn mi á rí àmì yẹn, wọ́n á ya ìwé náà, wọ́n á fi ránṣẹ́. Èmi àtiwọn jà lórí rẹ̀ dọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní Mama Láàbù ti le jù. Mo ní kí wọ́n dúpẹ́ pé wọn ò bá Ọ̀gá mi láyé.

Ìfẹ̀yìntì ò fún mi nísinmi. Ojú ayé ń rí mi bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ yọrí, nǹkan kan ṣì wà lọ́rùn mi. Mo rò ó pé Ọ̀gá tó dè mí lẹ́nu ti kú, èmi náà ò ní pẹ́ láyé títí, bí mo bá sì lọ láìsọ ọ́, bí olè ni mo ṣe máa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ aṣọ, mo lọ bá Mùfútàù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti hewú. Ó ń tú fáànù kan, ó ní kí n fìdí mọ́lẹ̀, ó fẹ́ rán èèyàn lọ ra mínírà fún mi, mo ní kó má ṣèyọnu. Mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: aró tó wà nínú ìgò, ọ̀gá àgbà, irọ́ tí mo pa fún dókítà, ohun tí mo sọ fún Ràmátù lójú fèrèsé. Mo ní, "Bàbá Sàídátù, èmi ni mo gé ẹsẹ̀ yín."

Ó gbé fáànù náà sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun gan-an ni Ọ̀gá Odùbánjọ wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ tòun ti kóòtù funfun, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aró náà fún òun láìfi nǹkan kan pamọ́, wọ́n ní kó dárí jì àwọn àti ọmọ tí àwọn ń kọ́ níṣẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí n mọ̀ pé ó mọ̀, pé bí mo bá mọ̀, mi ò ní lè jókòó sídìí iṣẹ́ náà mọ́.

Mo di igi ilẹ̀kùn mú. Mo bi í pé bó bá ti mọ̀ látọjọ́ yẹn, kí ló dé tó fi ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi.

Ó ní, "Láàbù mẹ́ta ló wà láàárín ilé mi àti tiyín, Mama. Mi ò mọ èyí tó ti ṣèèṣì rí nínú wọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀. Mo sọ fún Ràmátù pé ẹni tó ti ṣèèṣì lórí ẹsẹ̀ mi ò ní ṣèèṣì lórí ọmọ mi."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dìde, pé àwọn oníbàárà òun ń wò wá. Mi ò tètè dìde.